Àgò Onílé

Ní Turku, nínú oṣù Kejìlá,
oòrùn máa ń yọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé:
ó yọjú, ó padà.
Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé,
èmi tí wọ́n gbé òòfà lé lọ́wọ́
ń wá ibi tí màá gbé e sí lórí Ensio Lehtisalo,
atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
tó ní òun yọ̀ǹda orí òun
nítorí ilé òun ti dákẹ́ jù.

Tuulikki dé fìlà oníwáyà fún un,
ọgọ́ta wáyà, ìpara tútù lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
"Ẹ rọra pẹ̀lú irun mi," ni bàbá wí.
Orí rẹ̀ pá.

Tá! ni òòfà kàn.
Kò bó awọ, kò dá egbò sí i lára,
àgò lásán ló ké lójú ọ̀nà:
àgò onílé o.
Lójú kọ̀ǹpútà, ilé dáhùn.
Yàrá iwájú gbọ́, ó sọ fún ti ẹ̀yìn,
ti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sókè àjà,
ìró náà rìn káàkiri kó tó jókòó.

Oskari fún un lábẹ́rẹ́, oògùn funfun bíi wàrà.
Ó ní kó máa ka nọ́ńbà.
Ó kà á dé mẹ́rin.
Tá!
Àgò kú síbi tó ti kàn,
òkúta tó bọ́ sínú ẹrẹ̀.
Nígbà tó jí, ó ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Lọ́sẹ̀ kejì, oògùn mìíràn.
Ó tún sùn gbalaja. A pè é, kò jẹ́.
Oskari ja á léèékánná, kò mira.
Mo gbé òòfà, mo ń retí ẹrẹ̀.
Tá!
Gbogbo yàrá ló dáhùn.
Tuulikki wò mí.
Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ;
eléyìí kò sùn, kò sì pirọrọ,
kí la fẹ́ pè é?

Ó jí tomijétomijé.
Ó ní inú ọkọ̀ lòun wà, yìnyín ń fọ́ níwájú,
ìyàwó òun olóògbé ló di ìtọ́kọ̀ mú,
inú sì ń bí i
pé ẹnìkan ń kan ìdí ọkọ̀ láti inú omi,
tá, tá, tá.
"Ó ní kí n lọ wo ẹni náà."

Mo nu ìpara kúrò lórí pípá náà.
N kò sọ fún un pé èmi ni.