Àtẹ̀gùn Inú Odò

Òru la máa ń ka ẹran inú odò Shirase.
Èmi mú iná, ìyá àgbà mi, Tazuko, mú ìwé.
Ó ní, "Má tan iná sí i lójú.
Ojú rẹ̀ ò ju hóró ìrẹsì lọ."

Hansáki rèé:
kì í ṣe àrọ̀, orí rẹ̀ sì tẹ́ bí orí àrọ̀;
kì í ṣe alángbá, ó sì fẹsẹ̀ mẹ́rin rìn nísàlẹ̀ omi,
ìka rẹ̀ kúkúrú bí ìka ọmọ jòjòló.
Dúró jẹ́ẹ́, wàá pè é ní òkúta.
Ìyá àgbà ní òun bá a níbẹ̀ nígbà tóun wọlé ọkọ.

Wo ògiri sìmẹ́ńtì yẹn.
Bàbá àgbà mi, Iwao, wà lára àwọn tó mọ ọ́n.
Omíyalé ti gbé ilé méjì lọ, ìjọba ní ká dènà odò.
Owó iṣẹ́ náà la fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ
tó ṣì ń dún nínú yàrá wa.
Kò sẹ́ni tó bi hansáki.

Àsìkò ẹyin dé, ó ń gòkè lọ síbi tí wọ́n bí i sí,
ó forí sọ ògiri.
Ó jábọ́.
Ó tún gùn ún.
Bàbá àgbà jókòó lórí afárá títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ó pẹ́ kí òfin tó dé,
kí wọ́n tó ri òpó mọ́lẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀
pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ba odò yìí jẹ́.
Kó tó dé, bàbá àgbà ti ń fi agbọ̀n ru òkúta,
ó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
àtẹ̀gùn fún ẹni tí kò lè fò.
Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti dé sí i lórí.
Ó ní, "Ọwọ́ tó dí ọ̀nà ni yóò là á."

Tanátaná ti parí tiwọn lóṣù Okúdù.
Akàn kan ń fà wọ abẹ́ ewé.
Àgbọ̀nrín wá mumi lódìkejì, ó rí wa, kò sá.
Nǹkan kan mì nísàlẹ̀.
Ìyá àgbà gbá ọwọ́ mi mú.

Ó gbé ẹsẹ̀ lé òkúta kìíní.
Ó sinmi; ẹni tó máa pẹ́ láyé kì í kánjú.
Òkúta kejì.

Ìyá àgbà ṣí ìwé.
Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ.
Ó pa á rẹ́,
ó kọ: mẹ́rìnlá.