Àmì Aláwọ̀ Ewé

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Hull.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí Màmá Doreen sí ẹ̀gbẹ́ òsì ni,
mo fa aṣọ bò ó léjìká, mo jókòó,
mo yọ fóònù lápò:
àmì kékeré aláwọ̀ ewé
ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ mi.
Ìwálọlá ò tíì sùn.

Ilé wa ò jìnnà síbí, bọ́ọ̀sì méjì péré,
ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ò ṣeé fi sílẹ̀,
kùrukùru sì ti bo afárá mọ́lẹ̀.

Lánàá ó gbé fọ́tò kan síta,
òun àti kóòtù tuntun tá a rà ní Sátidé.
Ó ń ka ọkàn pupa bí ẹni ń ka owó oṣù tí ò pé:
mọ́kànlá. Méjìlá.
Ti Bethan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti wọ igba.
Kí ọbẹ̀ tó hó, ó ti pa fọ́tò náà rẹ́.
Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí.
"Kò sí" yẹn, mo mọ bó ṣe wúwo tó.
Òun ló ń jẹ́ kó máa gé èékánná jẹ dé ẹran,
kí àyà rẹ̀ máa lù kì-kì-kì tí iléèwé bá ku ọ̀la.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
ẹni tó bá bú mi, mo mọ ojúlé rẹ̀.
Tílẹ̀ bá ṣú, èébú náà á lọ sùn.
Èébú tiwọn kì í sùn,
ó ń bá wọn wọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì.

Mo kọ ọ́: "Lọ sùn! Ṣé orí ẹ pé?"
Mo pa á rẹ́.
Mo kọ ọ́: "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."
Èmi wo? Èmi tí tèmi wà lọ́wọ́ mi,
tí mò ń wo ilé tí ẹlẹgbẹ́ mi kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó
lálaalẹ́, tí mò ń ka fèrèsé rẹ̀,
tí mò ń bá Ọlọ́run jà láìlanu?
Mo pa ìyẹn náà rẹ́.

Lọ́hùn-ún, ó ń kọ nǹkan.
Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dúró.

Màmá Doreen lajú, ó ní ṣé ilẹ̀ ti mọ́.
Mo ní ó ku díẹ̀.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú,
mo fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ orúkọ ọmọ mi.
Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e.
Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.
Ó fa imú.
"Mọ́mì," ó ní, "ṣé ẹ ti jẹun?"