Ilé Onítáyà ní Ẹfọ̀n

Ìdájí Sátidé ni Nọ́ọ̀sì Ibíwùmí pè mí:
"Fápohùndà, táǹkì ṣaláńgá mi ti kún.
Mo fa ọwọ́ rẹ̀ títí, kò sọ̀.
Iná pupa ara ògiri ń wò mí
bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè."

Mo so àpò irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà,
mo gba Aràmọkọ wá, òtútù òkè ń jẹ mí létí.
Ilé náà nìyẹn, ó jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè,
ilé tó ní táyà tí kò rìn mọ́,
tó rà lọ́wọ́ àwọn tó la títì
lọ́jọ́ tí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.
Ilé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
kò ga ju ìbàdí lọ, koríko ti ń yọjú lójú fèrèsé.
"Ulé mi nìyí," ó ní,
ó nawọ́ sí èyí tó ní táyà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń kí i,
abẹ́ ilé ni mo ń lọ.
Táǹkì méjì, bí orogún tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀:
ọ̀kan gba omi ọṣẹ,
ọ̀kan gba ohun tí a kì í dárúkọ nídìí oúnjẹ.
Mo fi ìka kan èkejì. Níbi ẹnu páìpù, ó dún kó-kó, òfìfo.
Lábẹ́ yàrá tó ń sùn, ó dún gbì,
bí ikùn ẹni tó jẹ iyán àná mọ́ tòní.

Ọ̀gá mi Ògúnsakin, kí ilẹ̀ ó fẹ́ ẹ,
ló kọ́ mi: "Má tíì tú nǹkan kan.
Gbé ìgò omi kalẹ̀, kí o wo ibi tó fì sí."
Mo gbé e kalẹ̀. Omi fì sí ọ̀nà ibùsùn.
Ọdún méjì gbáko, gbogbo ohun tó yẹ kó jáde
ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà.

"Omi mélòó lẹ ń dà sí i, Mọ̀mí?"
"Ife kan. Ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ń pọnmi."
Ife kan! Omi ṣàn lọ, ó fi ẹrù sílẹ̀,
ẹrù gun ara wọn, ó di òkìtì.
Èkìtì dé inú táǹkì.

A yá jáàkì lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń kó kòkó,
a gbé òkúta mẹ́rin sábẹ́ ilé.
Ilé kérora. Ṣíbí kan já bọ́ nínú kíṣìnì.
A da kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá sí i pẹ̀lú ọṣẹ,
a ní kó sùn lé e.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fa ọwọ́ rẹ̀ sí kòtò tí a gbẹ́.
Mo ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ o.
Yíyẹ̀ náà kò tó.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́n búlọ́ọ̀kù mú.
Mo tún gun òrùlé, mo yọ ilé agbọ́n lẹ́nu páìpù atẹ́gùn;
òórùn rí ọ̀nà ọ̀run lọ.
Ṣùgbọ́n iná pupa, kò kú.
"Irọ́ ló ń pa, Mọ̀mí. Ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ọn lójú."
"Mo mọ irú wọn," ni ó wí,
"ọgbọ̀n ọdún ní ọsibítù Adó:
àìsàn ti lọ, aláìsàn ṣì ń ké."
Ó fi tẹ́ẹ̀pù bò ó lójú.

Ó fún mi lówó, ó fi iṣu mẹ́ta lé e,
ó wá wo ilé búlọ́ọ̀kù, kò wo ojú mi:
"Ìwọ yìí, ìgbà wo lo máa ri páìpù sí ìyẹn?"
N kò ní irinṣẹ́ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.
Mo gbé ìgò omi lórí búlọ́ọ̀kù tó ga jù,
àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Omi dúró jẹ́ẹ́.
Kò fì síbì kankan.