Lẹ́tà Mẹ́ta Lórí Àpótí Sitirọ́bẹ́rì

Fresno, oṣù karùn-ún. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán,
ìrì ti rin mí dé orúnkún.
Bàbá ń ká ebè kan, èmi ń ká èkejì,
ìka wa pupa bí ìka alápatà.
Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló ní kí n máa bọ̀,
ẹsẹ̀ méjì péré ni mo ní,
ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ti etíkun ló kọ́kọ́ wọlé. Ìwé rẹ̀ ń dán bí ojú omi.
Mo ka ojú ewé owó,
mo pa á dé wéré bí ẹni ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ àlejò.
Tou Ger, tó ṣáájú wa lọ, pè mí lóru:
"Ọ̀ọ́dúnrún ni wá nínú kíláàsì, orí àtẹ̀gùn ni mò ń jókòó.
Ṣùgbọ́n, Mai Nhia, iná yàrá kọ̀ǹpútà kì í kú níbí."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ núdù gbígbẹ.

Ti òkè oníyìnyín fún mi lówó,
ó sì gba kọ́ọ̀sì méjì lọ́wọ́ mi:
"Páítọ́nì lo fi kọ́ ọ. Àwa kì í lo ìyẹn. Tún un ṣe."
Gbogbo òru tí mo fi wá kóómà kan ṣoṣo
nínú ìlà irínwó,
ẹnìkan fi bírò pa á rẹ́ kó tó lọ jẹun ọ̀sán.

Ti ilé ni ẹ̀kẹta. Mo lè rí òrùlé rẹ̀ láti ìdí àtẹ wa.

Ọ̀gbẹ́ni Ouzounian, tó kọ́ mi bí a ti ń kọ ìlà àkọ́kọ́, ní:
"Orúkọ kì í kọ́ni. Bi wọ́n bóyá olùkọ́ wọn máa ń ṣílẹ̀kùn."
Mo bi wọ́n. Ọ̀kan fèsì lọ́jọ́ kejì.
Níbì kan, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn.
Ọ̀kan ṣì ń ronú.

Bàbá ò mọ̀wé kà. Ó gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́,
ó wọ̀n wọ́n bí ẹni wọn èso.
"Ṣé o mọ̀ pé orí òkè tútù ni wọ́n ti ń gbin ọmọ sitirọ́bẹ́rì yìí
kí wọ́n tó hú u wá tún gbìn síbí?
Èyí tí òtútù ò bá bá jà, ewé lásán ló ń mú jáde."
Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ ta ni yóò máa bá mi ka ìwé owó omi àti ti iná?"
Kò sọ èwo ni kí n gbọ́ nínú méjèèjì.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà sórí àpótí òfìfo,
mo kọ ogún ìlà: owó, ọ̀nà jíjìn, kọ́ọ̀sì tó ṣòfò,
ẹ̀yìn Bàbá tó ń dùn ún.
Mo fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó mú ilé.
Mo dín ìwọ̀n kan kù. Ó mú ilé.
Ìgbà tí mo dín ti ẹ̀yìn Bàbá kù,
tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
ni mo rí ohun tí mo ti ń wá láti àárọ̀.

Oníbàárà kan dúró. "Eélòó ni apẹ̀rẹ̀ kan?"
Ohun tó sún mọ́ mi ni mo fà, mo kọ iye rẹ̀ gàdàgbà
sí ẹ̀yìn lẹ́tà ti etíkun.