Hóró Tí Kò Rùn

Ní kíláàsì wa ní Ìdí-Abà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan,
Tíṣà Ṣówándé pín hóró músítádì sí wa látẹ́lẹwọ́.
"Ẹ gbóòórùn rẹ̀."
A gbé e súnmọ́ imú. Kò rùn.
Bánjókòó ní ṣebí hóró inú Bíbélì nìyí, tó ń ṣí òkè nídìí,
kí tíṣà jọ̀ọ́ bá wa sọ fún Olúmọ kó sún sẹ́yìn díẹ̀,
kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: sinigírìnì.
"Yàrá kan ni èyí ń gbé nínú hóró.
Ẹni tí yóò tú u sílẹ̀ wà ní yàrá kejì.
Bí ògiri àárín wọn kò bá wó,
ẹ kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni."
Ó gún un nínú odó tánńganran, ó wọ́n omi tútù sí i,
ó ní ká kà dé ọgọ́ta.
A ò tíì kà dé ogójì tí omijé ti gba ojú wa,
tí Bánjókòó, tó ti imú bọ inú odó,
ń sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Mo mọ ilé kan tó rí bẹ́ẹ̀. Mi ò wí.

Ní Ìtòkò, ìyá mi ní yàrá ọ̀tún,
Ìyá Fẹ́bíṣọ́lá ní yàrá òsì, ogún ọdún ó lé:
ẹ káàárọ̀, ẹ kú alẹ́, ẹ yá mi níyọ̀.
Àlejò a ní, ilé yìí mà tòrò o.
Bàbá ni ògiri.

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín, òjò ń rọ̀ lórí páànù,
ẹnìkan béèrè kọ́kọ́rọ́ àpótí.
Kọ́kọ́rọ́ lásán.
Ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú ilé wa
ta wá lójú, ta wá nímú,
àwọn ará àdúgbò ń ṣí fèrèsé.

Àwọn àgbà ìdílé dé, wọ́n da omi gbígbóná lé e:
àdúrà, ẹ̀bẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àwa ọmọ.
Ó dákẹ́ wẹ́lo.
Tíṣà ti sọ èyí náà, a ń palẹ̀ ìwé mọ́, a ò gbọ́ dáadáa:
omi híhó a máa pa ẹni tó ń tú u sílẹ̀,
hóró kò ní ta mọ́,
kíkorò nìkan ni yóò kù.

Wọ́n tún ti ń yá ara wọn níyọ̀.
Tíṣà, ohun tí mi ò bi yín lọ́jọ́ náà nìyí:
èyí tó ti korò báyìí,
ta ni yóò tún un gún?