Mo Ń Retí Orin

Ní Tromsø, nínú oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọjú.
Tẹlifísàn ló ń ràn sí wa lójú.
Ìyá àgbà mi, Ragnhild, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
ń họ ọ̀dùnkún, ó ń pòṣé:
"Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn.
Dúdú ló máa ń dà. A sì máa rùn bí irin."
Èmi ò dáhùn. Mo ti ka òkú mẹ́fà
kí ọ̀dùnkún tó hó.
Wọ́n fi àáké la ẹnìkan lórí;
mo nawọ́ sí gúgúrú.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Halvor, ará ilé kejì,
yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, orí rẹ̀ gba òkúta.
Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.
Mo dúró.
Ẹ̀rù kọ́ o.
Mo ń retí kí orin bẹ̀rẹ̀,
orin tó máa ń sọ fún mi pé ó tó àkókò láti bẹ̀rù,
kí àwòrán sì yí sí ibòmíràn.
Kò yí.
Yìnyín ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dúdú.
Ìyá àgbà sáré kọjá lára mi láìwọ bàtà,
ó kúnlẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀.
Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ Halvor tó ń dárúkọ mi.
Ó ti pẹ́ tó ti ń pè mí.