Ìgò Tó Kẹ́yìn

Òkúta dúdú ni òkè etí odò Mósẹ̀lì, ó pẹlẹbẹ bí àwo tó fọ́;
oòrùn a yá a ní ooru lọ́sàn-án,
òun a san án fún gbòǹgbò àjàrà lóru.
Ogójì ọdún ni Gereon fi gùn ún.
Orúnkún rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ kú.

Irmtrud opó rẹ̀ mọ ohun tó bá Rísílìn mu:
ẹja odò tí a fi èéfín yan,
búrẹ́dì alálùbọ́sà,
ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń hó.
“Ẹ má gbé sàláàdì ọlọ́tí-kíkan wá o;
kíkan méjì kì í gbé ẹnu kan.”

Lálẹ́ àná, Veit ti Trier dé
pẹ̀lú ẹja aláta láti ṣọ́ọ̀bù ará Vietnam kan.
Ìyá rẹ̀ wò ó, ó pòṣé,
ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀.
Ìgò tó kẹ́yìn nínú èyí tí Gereon fọwọ́ ara rẹ̀ pọn:
ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀,
bí ẹnu ẹni tó pọn ọ́n.

Ata gbiná, wáìnì pa á.
Ata tún dìde, wáìnì tún dá a lóhùn.
Omi lé ròrò lójú Irmtrud.
“Ata ni, àbí bàbá?”
Ó na ife síwájú:
“Dà sí i.”